Ara Kristi, àti Àmín Tí À Ń Dáhùn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a kà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Àjọ̀dún Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Kristi

         

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún yín kọ̀wé sí mi pé kí n mú ọ̀kan nínú àwọn ìjìnlẹ̀ ìgbàgbọ́ wa, kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Mẹ́talọ́kan ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, nítorí òun ni orísun gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe àlùfáà. Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Nínú gbogbo ìjìnlẹ̀ wọ̀nyí, ẹyọ kan ló wà tí mo ti ń fi ẹnu ara mi jẹ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Nípa èyí tí mo ń jẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀: Sákrámẹ́ńtì Mímọ́ Jùlọ, Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa wa, èyí tí a ó gbé yí ìlú yìí ká lọ́la.

Ohun tí a dì tí a kò lè tú

Àdììtú ni Yorùbá ń pe irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n dì í, wọn kò sì ní kí á tú u. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé Ọlọ́run fi nǹkan pamọ́ fún wa ni, bí ìyá ṣe ń fi ẹran pamọ́ sórí àjà. Mo rò pé bí mo bá kàwé dáadáa, èmi náà á rí àkàbà gùn. Mo kàwé. Mo wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkàbà. Apẹja Ìwòpín kò mọ ìsàlẹ̀ ọ̀sà, ṣùgbọ́n inú ọ̀sà náà ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti rí owó ilé-ìwé ọmọ, ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti jẹun kí wọ́n tó bí i. Bí ẹnìkan bá sọ fún un pé kó má tíì wọ ọkọ̀ títí yóò fi wọn ìsàlẹ̀ omi tán, ebi ni yóò pa á.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo rántí Àìkú tí mo kọ́kọ́ gba Kọmúníọ̀n. Aṣọ funfun tí wọ́n yá lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo wọ̀, bàtà rẹ̀ sì ń ha mí lẹ́sẹ̀. Katikísì ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fi eyín kàn án. Ìkìlọ̀ yẹn dá ẹ̀rù bà mí, mo rò pé bí eyín mi bá kàn án, ẹ̀jẹ̀ á dà. Fadá dé iwájú mi, mo yọ ahọ́n. Ó fẹ́lẹ́ ju ewé lọ. Kò dùn, kò kan, kò níyọ̀. Ó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi, mo sì dákẹ́ síbẹ̀, mo ń fi ahọ́n tì í díẹ̀díẹ̀, mo ń rò ó pé: ṣé Ọlọ́run tó dá òkun náà nìyí, tó wá lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu báyìí? Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù láti ọjọ́ náà. Ìbéèrè ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, n kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ àti àlìkámà

Ìyá mi ń ṣe gàrí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Òkè-Agbò mọ irú agboolé tí èéfín kì í kúrò níbẹ̀. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti oko dé, gbogbo wa á yí i ká, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín. A ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó so ẹnu àpò náà, a ó sì gbé òkúta ńlá lé e lórí. Omi funfun á máa ro sílẹ̀, tó, tó, tó, tọ̀sán-tòru. Ará ibòmíràn á yan tiwọn kíá. Ìjẹ̀bú kì í kánjú. A ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi kan dáadáa, tí òórùn kíkan rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Lẹ́yìn náà ni a ó fi asẹ́ kù ú, ìyá mi á jókòó ti agbada gbígbóná, àfọ́ igbá á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa yí i síhìn-ín, á máa yí i sọ́hùn-ún, òógùn á máa bọ́ lójú rẹ̀ títí gàrí á fi máa dún ṣẹ̀ẹ̀kẹ̀ṣẹ̀ẹ̀kẹ̀ nínú agbada.

Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wo ni kò mọ̀ pé ewúrẹ́ tó bá mu omi ìdí àpò yẹn lè má rí ọjọ́ kejì? Rírin, fífún, kíkan àti iná ló ń lé májèlé náà lọ kí ó tó di oúnjẹ. Olúwa wa náà sọ̀rọ̀ nípa hóró àlìkámà tó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí ó kú kí ó tó lè so. Hóró yẹn kò yé mi rí bí àpò ẹ̀gẹ́ abẹ́ òkúta ṣe yé mi. Mo ti rí ohun tí wọ́n fọ́ túútúú kí ọmọ aráyé lè rí jẹ. Mo gbé òkúta rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi.

Nítorí náà, nígbà tí mo di ọ̀dọ́ tó ń kàwé, mo bínú. Òfin Ìjọ ni pé àlìkámà àti omi nìkan ni a fi ń ṣe búrẹ́dì orí pẹpẹ, wáìnì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èso àjàrà. A kì í gbin àlìkámà ní Ìjẹ̀bú. Igi àjàrà, inú Bíbélì ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní: ṣé Ọlọ́run kò mọ̀ wá ni? Kí ló dé tí Kristi kò lè fi gàrí ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa? Kì í ṣe èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Àlùfáà ọmọ Kamẹrúùnù kan, Jean-Marc Éla, tó gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ aláìní ní àríwá ilẹ̀ wọn, béèrè irú rẹ̀ nínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 1980: àwọn tó jẹ́ pé jéró ni oúnjẹ òòjọ́ wọn, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ohun tí ọkọ̀ òkun gbé wá ni wọn yóò fi bá Ọlọ́run jẹun? Ebi ló wà nídìí ìbéèrè náà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un dòní.

Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ló yí mi lọ́kàn padà, kì í ṣe ìwé òfin. Ọjọ́ kan ni mo ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún kíláàsì kẹrin lórí àwọn irúgbìn ilẹ̀ wa, mo sì ka ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ tipẹ́: ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Àwọn Potogí ló gbé e kúrò ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá sí etíkun Áfíríkà. Ó pẹ́ nílẹ̀ kí àwa tó mọ bí a ṣe ń ṣe é tí kò fi ní pa wá. Àwọn òpìtàn sọ pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n gàrí kálẹ̀ láàárín wa. Àgùdà ni à ń pè wọ́n. Títí dòní, àwọn àgbà ìlú yìí kì í sọ pé Ìjọ Kátólíìkì. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń sọ. Bí mo bá sì pe gbágùúdá, orúkọ mìíràn fún ẹ̀gẹ́, sókè, etí mi ń gbọ́ Àgùdà nínú rẹ̀.

Omi kan náà, àwọn ènìyàn kan náà, ló gbé gàrí àti Mísà wá fún wa. Gàrí tí mo fẹ́ fi jà fún ohun tó jẹ́ tiwa, àlejò ni òun náà. Ọwọ́ ìyá mi ló sọ ọ́ di Ìjẹ̀bú. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bá àlìkámà jà mọ́. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí wọ́n bí Jésù sí, ilé oúnjẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hébérù. Ní alẹ́ tí wọ́n fẹ́ mú un, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú. Ìjọ di èyí tó dì mú yẹn mú gírígírí, bí ọmọ ṣe ń di ohun tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ lórí ibùsùn ikú mú.

Àwọn tí kò rí i jẹ

Kí àlùfáà kankan tó máa gbé ní Èkó, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pàdírì Antonio. Kì í ṣe àlùfáà. Ẹrú tó gba òmìnira ni, ó ti Brazil dé. Ó kó àwọn Àgùdà jọ, ó ń darí àdúrà wọn, ó ń ṣèrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn, ó ń sin òkú wọn. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero wá wo Èkó lọ́dún 1863, ó bá ìjọ tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1868 ni àwọn àlùfáà tó wá jókòó.  

Ẹ jẹ́ ká ro ti Antonio wò. Gbogbo nǹkan ló lè ṣe, àfi ẹyọ kan. Kò lè mú búrẹ́dì kí ó sọ ọ̀rọ̀ ìyàsímímọ́ lé e lórí. Lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ tábìlì tí oúnjẹ kò sí lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wá. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì nípa ọ̀pọ̀ ọba àti jagunjagun. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ ń mú mi lọ́kàn tó ti ọkùnrin yìí.

Mo tún rí irú rẹ̀ ní Ogun Waterside. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo bá Fadá kan lọ sí abúlé apẹja kan lẹ́bàá ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa dé ibẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ sì kú lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ó ti lé ní oṣù méjì tí wọ́n ti rí Mísà kẹ́yìn. Katikísì wọn ló ń kó wọn jọ láti Àìkú dé Àìkú. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì tí wọ́n fi ń to ẹja, ó sì ti fi òkúta mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí Mísà dé ibi gbígba Kọmúníọ̀n, òun ló kọ́kọ́ jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi ọ̀kan lé orí èkejì. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fadá, mo di àwo mú, nítorí náà ni mo ṣe rí ọwọ́ náà dáadáa. Okùn àwọ̀n ti la ìka rẹ̀ yánnayànna. Ìpẹ́ ẹja kan ń dán lẹ́bàá àtàńpàkò rẹ̀. Fadá ní, "Ara Kristi." Kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ń wo ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró, kò sẹ́ni tó kán an lójú. Lẹ́yìn náà ló ní "Àmín," bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀.

Lọ́dún 304, ní Abitínà, ní ilẹ̀ tó di Tùnísíà lónìí, wọ́n mú Kristẹni 49 nítorí pé wọ́n péjọ ní ilé ẹnìkan nínú wọn láti jẹ oúnjẹ Olúwa, nígbà tí ọba Róòmù ti kà á léèwọ̀. Adájọ́ bi ọ̀kan nínú wọn, Emeritus, pé kí ló dé tó fi gba àwọn yòókù wọ ilé rẹ̀. Ó jẹ́ kó yé e pé láìsí ohun Olúwa yẹn, àwọn kò lè wà láàyè. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sì dìgbà tí a bá lọ sí Tùnísíà. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa èèyàn bí ogójì, títí kan àwọn ọmọdé. Àwọn tí wọ́n pa yẹn, wọ́n wá jẹun ni. Nígbàkígbà tí mo bá ń tò lọ síwájú pẹpẹ láti ìgbà náà, mo máa ń rántí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká dìde fún ìṣẹ́jú kan, ká sì dákẹ́.

Ẹ ṣeun, ẹ jókòó.

Ìrísí àti ìwà

Báwo wá ni búrẹ́dì ṣe ń di Ara Kristi? Ìgbìmọ̀ ńlá tí Ìjọ ṣe ní Lateran lọ́dún 1215 fi orúkọ sí i, Thomas Aquinas sì ṣàlàyé rẹ̀ fínnífínní kí ó tó kú lọ́dún 1274. Nígbà tí mo kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó le bí ẹ̀kùrọ́. Lọ́jọ́ tí mo jókòó tí mo sọ ọ́ fún ara mi lédè ìyá mi, mo rí i pé Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ìrísí búrẹ́dì dúró: àwọ̀ rẹ̀, fífẹ́lẹ́ rẹ̀, àìníyọ̀ rẹ̀. Ìwà rẹ̀ ló yí padà. Ìwà ni ohun tí nǹkan jẹ́ gan-an, wíwà rẹ̀. Ìwà náà sì ni à ń pe ìṣesí ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi so méjèèjì pọ̀, n kò sì rò pé èèṣì ni.

Nítorí bí a bá gbà pé ìwà búrẹ́dì yí padà lórí pẹpẹ, ẹni tó jẹ ẹ́ ńkọ́? Augustine, ọmọ Áfíríkà, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ Àlùjéríà òní, tó kú lọ́dún 430, kọ ọ́ sílẹ̀ pé oúnjẹ yìí kò dà bí oúnjẹ yòókù. Ẹ̀bà tí mo bá jẹ yóò di ara mi. Èyí, èmi ni yóò sọ di ara tirẹ̀. Ó tún ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi pé nígbà tí wọ́n bá gbọ́ "Ara Kristi" tí wọ́n sì ṣe àmín, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe àmín sí, nítorí àwọn náà ni ara Kristi. Àmín yẹn sọnù lẹ́nu àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Nígbà tí ìyá mi wà ní ọmọge, àlùfáà ló ń dá gbogbo rẹ̀ sọ ní èdè Látìn, òun á kàn yọ ahọ́n. Ọdún 1964 ni Póòpù Paul Kẹfà dá ìdáhùn náà padà sí wa lẹ́nu. Ìyá mi kò jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu láti ọjọ́ náà.

Mo ní ohun kan láti sọ níbí tí n kò sọ ní gbangba rí, mo sì ti gba ìyọ̀ǹda ẹni tó kàn.

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jà. Igi gẹdú oko bàbá ni. Ẹ̀gbọ́n mi ta àwọn igi náà fún agégẹdú láìsọ fún mi, èmi náà sì sọ ọ̀rọ̀ tí àbúrò kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́ta gbáko, a kò kí ara wa. Ṣùgbọ́n a kò pa Mísà jẹ. Èmi á jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún, àwọn á jókòó sí ọwọ́ òsì, ìyá wa á wà láàárín. A ó tò lọ síwájú. "Ara Kristi." "Àmín." "Ara Kristi." "Àmín." A ó gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá wa ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì, wọn kò sọ fún ẹnìkan pé èkejì ń bọ̀. A bá ara wa ní yàrá ìdáná wọn. Àwo ẹ̀bà kan ló wà nílẹ̀. Abọ́ ọbẹ̀ kan. Omi ìfọwọ́ kan. Mo ní kí wọ́n bu tèmi sọ́tọ̀. Ìyá mi kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ ti jọ jẹ ọ̀kan láàárọ̀ yìí. Ṣé tèmi ni ẹ kò wá lè jọ jẹ?"

A dúró títí ẹ̀bà náà fi ń le lójú. Eṣinṣin kan bà sí etí àwo. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́. Èmi náà fọwọ́ nínú omi kan náà. A kò sọ̀rọ̀. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n gbá ẹja inú ọbẹ̀ mú, wọ́n dá a sí méjì, wọ́n sì ti ìdajì tó ní orí sí ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yin mọ̀ pé àgbà ló ni orí ẹja.

Mo gbàgbọ́ pé Ara Kristi ni à ń gbà lórí pẹpẹ. Mo gbà á gbọ́ láti ìgbà tó ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ìdáná yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tí mo ti ń ṣe àmín sí fún ọdún mẹ́ta náà, pẹ̀lú ẹnu tí kò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

      Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, tí wọ́n ti lọ sinmi. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n jókòó sí ìlà kejì níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n ní kí n sọ ọ́.

Aago méje àárọ̀ ọ̀la ni ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ yóò gbéra.